Chardonnay méjì, adùn wọn ò jọra rárá: ṣé wọ́n ta ayédèrú fún mi ni?

Àbíkẹ́_Peckham

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Mo nílò ìrànlọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ nípa wáìnì, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe àwọn tó máa ní kí n lọ ra malt. Àǹtí wa àgbà fẹ́ ṣe ọgọ́ta ọdún lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n pín iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ọtí bá já lé èmi lórí, èmi tó jẹ́ Supermalt ni mò ń mu látọjọ́ tí mo ti dé London. Ọ̀rẹ́ àǹtí kan wá ní Chardonnay ni kí n rà, wáìnì funfun kan, pé kò sí ẹni tí kì í mu ún.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọtí, mo ní kí wọ́n fún mi ní Chardonnay méjì kí n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò nílé ná. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ mú ọ̀kan fún mi láti California, ó mú ìkejì láti Faransé tí wọ́n kọ Chablis sí lára. Mo yí ìgò Faransé yẹn po, mo wo iwájú mo wo ẹ̀yìn, mi ò rí ibi tí wọ́n kọ Chardonnay sí, ó ní òun náà ni, kí n fọkàn balẹ̀. Ó dáa. Èmi àti ọkọ mi ṣí méjèèjì nílé. Ti California yẹn ń dán bíi góòlù nínú gíláàsì, òórùn bọ́tà ló kọ́kọ́ gbá mi nímú, lẹ́yìn náà fànílà, ó nípọn lẹ́nu, ó sì ń gbóná díẹ̀ lọ́fun. Chablis yẹn ní tiẹ̀, ó mọ́ lóló, ó kù díẹ̀ kéèyàn pè é lómi, ó kan débi pé itọ́ ń ṣẹ́ lẹ́nu mi, òórùn ẹ̀ sì dà bíi ti ilẹ̀ simẹ́ǹtì tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa.

Ọkọ mi ní wọ́n ti lù mí ní jìbìtì, pé èyí tó kan yẹn ti bàjẹ́ ni. Àbúrò ọkọ mi ní irọ́, pé oníbọ́tà yẹn ni ayédèrú, wọ́n da essence sí i ni bí àwọn oníkéèkì ṣe máa ń ṣe. Èyí tó kan yẹn ló sì wọ́n jù o! Ẹ bá mi dá sí i, èwo ni ojúlówó? Kí ló fà á tí wọn ò fi jọra tó bẹ́ẹ̀? Èwo sì ni kí n rà fún pátì tí ẹja díndín, aṣun, jọ̀lọ́ọ̀fù, iyán àti ẹ̀gúsí máa wà níbẹ̀? Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o.

Ṣágọ̀_Ẹmu

Àǹtí, ẹmu ò ní label, kò sẹ́ni tó máa bi yín pé orí òkè wo ni wọ́n ti dá a. Mo ti ń lọ, ẹ má bínú.

Kọ́lá_Onígò

Ẹ kú ìmúrasílẹ̀ Àǹtí Àbíkẹ́, Ọlọ́run á jẹ́ ká fi ayọ̀ ṣe é. Ẹ má dá Ṣágọ̀ lóhùn. Ṣọ́ọ̀bù wáìnì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí ní London, ojúlówó ni méjèèjì, ẹ jẹ́ kí ọkàn ọkọ yín balẹ̀. Ọmọ yẹn mọ iṣẹ́ ẹ̀ pàápàá, ó mọ̀ọ́mọ̀ mú méjì tó jìnnà síra jù lọ fún yín ni, ẹ̀bi kan ṣoṣo tó jẹ ni pé kò la ọ̀rọ̀ náà yé yín.

Ti label yẹn ná. Àwọn Faransé, orúkọ ibi tí wọ́n ti ṣe wáìnì ni wọ́n máa ń kọ sára ìgò, ọ̀pọ̀ ìgbà wọn ò ní kọ orúkọ èso àjàrà tí wọ́n fi ṣe é, torí lójú tiwọn ó yẹ kéèyàn ti mọ̀. Òfin ò gbà kí wọ́n fi èso míì ṣe Chablis, Chardonnay nìkan. Tẹ́ ẹ bá rí Meursault, Puligny-Montrachet tàbí Pouilly-Fuissé, Chardonnay náà ni. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló ń fi orúkọ èso tajà. Àwọn yẹn tiẹ̀ ti ṣe nǹkan láyé àtijọ́, wọ́n ń kọ Chablis sára ìgò ńláńlá tí wáìnì inú ẹ̀ ò rí ilẹ̀ Faransé rí, tí Chardonnay lè má sí nínú ẹ̀ rárá, kódà wọ́n ní Chablis aláwọ̀ osùn. Ká ní ìyẹn lẹ rà ni, mi ò bá ní ọkọ yín ló jàre.

Èso yìí fúnra ẹ̀, Burgundy ní Faransé ló ti wá, abúlé kan wà lápá Mâcon níbẹ̀ tó ń jẹ́ Chardonnay. Ní 1999 àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yẹ DNA ẹ̀ wò, wọ́n rí i pé Pinot àti Gouais Blanc ni òbí ẹ̀. Pinot lẹ mọ̀ sí ìdílé ọlọ́lá, Gouais Blanc sì ni èyí tí wọ́n ń fojú tẹ́ńbẹ́lú nígbà náà, èso àwọn mẹ̀kúnnù, wọ́n tiẹ̀ fòfin dè é láwọn ibì kan. Ibi tí wọ́n fojú di ni ọlá ti wá.

Chardonnay kì í pariwo bíi Muscat, èso àjàrà míì. Muscat, ibi tó wù kẹ́ ẹ gbìn ín sí, òórùn Muscat náà lẹ máa gbọ́. Chardonnay ò ní òórùn púpọ̀ tó jẹ́ tara ẹ̀, ibi tẹ́ ẹ gbìn ín sí àtohun tẹ́ ẹ fi ojú ẹ̀ rí lẹ́yìn tẹ́ ẹ ká a ló máa gbé yọ. Ẹ wo gaàrí. Ẹ̀gẹ́ kan náà ni, èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ kó kan dáadáa kí wọ́n tó yan án ló di gaàrí Ìjẹ̀bú, èyí tí wọ́n bu epo sí pọ́n yòò, kò sì sẹ́ni tó máa pe ọ̀kankan ní ayédèrú àfi tó bá fẹ́ jà.

Chablis wà lókè pátápátá ní àríwá Burgundy, ó sún mọ́ agbègbè Champagne ju bó ṣe sún mọ́ ìlú Beaune táwọn oníwáìnì Burgundy kóra jọ sí. Òtútù ibẹ̀ ò ṣeé fẹnu sọ. Nínú oṣù kẹrin tí ọ̀mùnú àjàrà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, òtútù òru kan péré lè pa oko ọdún kan, ó ṣẹlẹ̀ ní 2016, ó ṣẹlẹ̀ ní 2017, ó tún padà wá ní 2021. Ẹ wá fọ́tò ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rí àbẹ́là inú agolo lọ súà tí wọ́n tàn káàkiri inú oko lóru. Àwọn míì ń wọ́n omi sórí igi àjàrà kí omi lè dì mọ́ ọ̀mùnú lára, omi tó ń dì máa ń tú ooru díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn ni ò ní jẹ́ kí ọ̀mùnú inú ẹ̀ kú. Èmi náà ò gbà á gbọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, yìnyín tó ń gbani lọ́wọ́ òtútù.

Èso tó dàgbà nínú òtútù, ásíìdì inú ẹ̀ máa ń ga, ṣúgà inú ẹ̀ ò sì ní pọ̀. Ṣúgà ló sì ń di ọtí tó bá hó, ìdí nìyí tẹ́ ẹ bá yí ìgò méjèèjì yín sẹ́yìn, bóyá 12.5 lẹ máa bá lára Chablis, ti California á ti tó 14, ohun tó ń gbóná lọ́fun yín nìyẹn. Òórùn simẹ́ǹtì tẹ́ ẹ sọ yẹn, àwọn kan á ní ilẹ̀ ibẹ̀ ni. Òótọ́ ni pé ilẹ̀ náà jẹ́ amọ̀ àti òkúta ẹfun tó kún fún ìkarahun oyster wẹ́wẹ́, òkun ló bo gbogbo ibẹ̀ ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 150 ọdún sẹ́yìn. Kimmeridgian ni wọ́n ń pe ilẹ̀ yẹn, abúlé kan ní Dorset níbí ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Àmọ́ gbòǹgbò igi ò lè fa adùn ìkarahun, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ti sọ ọ́ títí. Bí ilẹ̀ yẹn ṣe ń mú omi àti bó ṣe ń jẹ́ kó ṣàn kúrò ni iṣẹ́ ẹ̀.

Tí wọ́n bá wá fún un tán, táńkì steel ni púpọ̀ nínú wọn ń dà á sí, tàbí àgbá tó ti gbó tí kò ní òórùn igi mọ́. Kò sí fànílà, kò sí nǹkan tó máa bo èso àti ásíìdì yẹn lójú. Ọ̀rọ̀ bọ́tà, mo fi sílẹ̀ fún @Akin_Sonoma, òun ló ti ṣiṣẹ́ nínú ilé wáìnì ní California lọ́hùn-ún.

Akin_Sonoma

Mo ti dé. Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá ẹ kú iṣẹ́, àmọ́ ẹ̀yin ará Yúróòpù, gbogbo ọ̀rọ̀ yín ilẹ̀ ni, ilẹ̀ ni, bíi pé wáìnì ń ti inú ilẹ̀ sun wá ni. Ọwọ́ èèyàn ló ń ṣe wáìnì.

Àǹtí Àbíkẹ́, àbúrò ọkọ yín ò jìnnà sóòótọ́ o. Nǹkan tẹ́ ẹ̀ ń gbóòórùn ẹ̀ yẹn, diacetyl lorúkọ ẹ̀, òun gan-an ló wà nínú bọ́tà, òun náà ni wọ́n ń fi sí popcorn sinimá. Kò sẹ́ni tó dà á sí wáìnì ṣá, bakitéríà kan ló ń ṣe é, Oenococcus oeni. Tí ọtí bá ti hó tán, malic ṣì máa ń wà nínú ẹ̀, ásíìdì tó wà nínú ápù tútù, èyí tó ń mú eyín kan. Bakitéríà yẹn á jẹ ẹ́, á sọ ọ́ di lactic, ti inú wàrà, tó rọ̀ lẹ́nu. Malo la máa ń pè é lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó bá ń ṣe gbogbo ìyẹn ló ń tu diacetyl sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ malo á jẹ́ kí yàrá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹni tí ò bá fẹ́ ẹ á mú kó tutù, á fi sulphur dá bakitéríà dúró, á wá sẹ́ wáìnì náà dáadáa kó tó rọ ọ́ sígò. Ẹ ò rí i pé ìpinnu èèyàn ni.

Kọ́lá sì fo ohun kan. Ọ̀pọ̀ Chablis ló ń ṣe malo bíi tiwa. Tó bá wá rí bẹ́ẹ̀, bọ́tà ẹ̀ dà? Wọ́n máa ń fi í sílẹ̀ lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹ̀, yíìsì tó ti ṣiṣẹ́ tán tó wá rọ̀ sísàlẹ̀, yíìsì yẹn sì máa ń jẹ diacetyl náà tán díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá wá fẹ́ kí bọ́tà hàn, kíá ló máa gbé wáìnì ẹ̀ kúrò lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀.

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yìí ni wọ́n fi mí sí nídìí nígbà ìkórè. Wọ́n á to àgbá jọ lórí ara wọn, mo máa yọ ìdérí ọ̀kan, tẹ́ ẹ bá gbé etí sẹ́nu ihò ẹ̀ ẹ ó gbọ́ ọ tó ń ta ṣííí lábẹ́lẹ̀, ẹ má gbé imú síbẹ̀ tààrà torí gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ lè dá èémí yín dúró. Mo máa ti ọ̀pá onírin kan tó tẹ̀ lẹ́nu bọ inú ẹ̀, mo máa rò ó yí po títí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á fi gbéra sókè tí gbogbo ẹ̀ á dàpọ̀, mo máa dé e padà, ó di àgbá tó kàn, bẹ́ẹ̀ náà la tún máa ṣe é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Èjìká mi ò lè gbàgbé. Ohun tó ń fún wáìnì ní ara nìyẹn, tó fi ń nípọn lẹ́nu láìsí ṣúgà nínú ẹ̀. Àwọn ará Burgundy ló kọ́ gbogbo ayé, Meursault tí Kọ́lá dárúkọ yẹn, ó lè nípọn ju ti California yín lọ.

Fànílà ní tiẹ̀, ara igi óákì ló ti wá. Wọ́n máa ń fi iná yan inú àgbá tuntun kí wọ́n tó dé e, ibẹ̀ la ti ń rí òórùn búrẹ́dì yíyan àti èéfín fẹ́ẹ́rẹ́. Àgbá Burgundy kan gba 228 lítà, tuntun ẹ̀ láti Faransé ju ẹgbẹ̀rún kan dọ́là lọ. Óákì Amẹ́ríkà dínwó, òórùn àgbọn ló máa ń pọ̀ lára ẹ̀. Tí wọ́n bá ti lo àgbá bíi ọdún mẹ́ta mẹ́rin, adùn igi tán lára ẹ̀, atẹ́gùn tín-ń-tín tó ń gba ara igi wọlé ló kù. Nítorí náà wáìnì olówó pọ́ọ́kú tó ń ta fànílà, ẹ má tan ara yín, kò rí inú àgbá rí, wẹ́wẹ́ igi tàbí pátákó óákì ni wọ́n sọ sínú táńkì fún un. Òfin gbà á o, mi ò bú ẹnikẹ́ni, àmọ́ adùn ẹ̀ kì í pẹ́ lẹ́nu.

Kí n tó lọ, ẹ jẹ́ kí n pa ìtàn kan fún yín torí mo mọ̀ pé ẹnì kan ṣì máa sọ pé bọ́tà ni California. Ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún 1976, Steven Spurrier, ọmọ England tó ní ṣọ́ọ̀bù wáìnì ní Paris, pe àwọn onídàájọ́ Faransé jọ, ó gbé Chardonnay mẹ́fà ti California àti Burgundy funfun mẹ́rin síwájú wọn láìjẹ́ kí wọ́n rí label. Chateau Montelena 1973 ti California ló gba ipò kìíní, Mike Grgich ọmọ Croatia ló ṣe é, Meursault kan ló ṣe ìkejì. Ojú tì wọ́n gan-an. Montelena yẹn ò sì gbà kí Chardonnay wọn ṣe malo, títí dòní. Kò sí bọ́tà nínú wáìnì tó sọ wá di èèyàn! Bọ́tà di àṣà lẹ́yìn náà, ilé iṣẹ́ wáìnì Kendall-Jackson ní California bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Chardonnay tí wọ́n pè ní Vintner's Reserve ní 1982, ṣúgà díẹ̀ kù nínú ẹ̀, àwọn èèyàn wa níbí gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, gbogbo ilé iṣẹ́ bá gba ọ̀nà yẹn lọ, igi lórí igi, títí àwọn kan fi ń pariwo ABC nílé ọtí, pé ohun tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n gbé wá, kó má ṣáà ti jẹ́ Chardonnay.

Kọ́lá_Onígò

Akin, mo gbọ́. Ìbéèrè kan péré ni mo ní: tó bá jẹ́ ọwọ́ èèyàn nìkan ni, kí ló dé tí àwọn oníwáìnì yín tó dáa jù ń fi ilẹ̀ gbígbóná sílẹ̀ lọ gbin Chardonnay sí Sonoma Coast, níbi tí ìkùukùu Pacific ti ń bò wọ́n láàárọ̀?

Ẹni tó ń gbìn níbi tó gbóná, ásíìdì á ti sá lọ nínú èso kó tó ká a, á wá lọ ra ásíìdì tartaric nínú báàgì dà sí i, òfin California gbà á, ti Australia náà gbà á. Ẹni tó wà nínú òtútù ní Burgundy, tí ọdún ò bá dáa, ṣúgà ló máa dà sí omi èso kó tó hó kí ọtí lè jáde nínú ẹ̀. Ọwọ́ ń ṣe iṣẹ́, mo gbà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló ń sọ iṣẹ́ tí ọwọ́ máa ṣe.

Ẹ wo Australia. Ní àwọn ọdún 1980 sí 1990, tiwọn ló kún London níbí, ó pọ́n, ó dùn, ó kún fún wẹ́wẹ́ igi, púpọ̀ èso ẹ̀ láti ilẹ̀ gbígbóná tí wọ́n ń fomi rin. Nígbà tí ó sú àwọn èèyàn, àgbá nìkan kọ́ ni wọ́n yí padà, wọ́n wá ibi tó tutù lọ, wọ́n lọ sókè Adelaide Hills, wọ́n lọ sí Yarra, wọ́n sọdá sí Tasmania, wọ́n ń ká èso wọn kó tó pọ́n jù. Àwọn kan tiẹ̀ ṣe é ju, wáìnì wá tín-ín-rín bí èyí tí ebi ń pa. Margaret River ni tèmi, létí òkun lápá ìwọ̀-oòrùn, ilé iṣẹ́ wáìnì Leeuwin ti ń ṣe Chardonnay tí wọ́n ń pè ní Art Series níbẹ̀ láti 1980, ó ní ara ó sì ní ásíìdì, owó ẹ̀ ni kò jẹ́ kí n máa rà á déédéé.

Akin_Sonoma

Ìkùukùu yẹn, mo gbà fún ẹ. Ìyókù, rárá. Fún mi ní èso láti orí ìlà kan náà, kí n fi ìdajì sí steel kí n sì fi ìdajì sí àgbá tuntun pẹ̀lú malo, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé oko kan náà ni. Wọ́n ń ṣe é fún àwa òṣìṣẹ́ wò lọ́dọọdún.

Àbíkẹ́_Peckham

Ẹ ṣé ẹ ṣé, mo ti ń ka tiyín fún ọkọ mi, ó dákẹ́. Àbúrò ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun ṣáà mọ̀ pé bọ́tà wà níbẹ̀. Mo ti yí ìgò náà sẹ́yìn lóòótọ́, 12.5 àti 14.5, Kọ́lá ẹ kì í ṣe èèyàn lásán. Àmọ́ ẹ̀yin ọ̀gá méjì, ẹ jẹ́ kí ìjà yín sinmi díẹ̀, mi ò lè ṣí gbogbo ìgò tó wà ní ṣọ́ọ̀bù wò. Báwo ni mo ṣe máa dá wọn mọ̀ látara ìgò? Tó bá sì jẹ́ pé ó ti bàjẹ́ lóòótọ́ ńkọ́, kí ni mo máa rí?

Màmá_Kẹ́mi_Cape

Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ̀rọ̀, Cape Town ni mò ń gbé, ilé oúnjẹ kékeré kan ni mo ní.

Ẹ ní ẹ̀ ń wá ayédèrú Chardonnay, Àbíkẹ́ ọmọ mi, ibí yìí ló ti ṣẹlẹ̀. Láyé ọjọ́un òfin South Africa le lórí kíkó igi àjàrà wọlé láti òkè òkun, wọ́n á dá a dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó yọ̀ǹda ẹ̀, àwọn àgbẹ̀ tí ọkàn wọn ti fà sí Chardonnay ò lè dúró, wọ́n bá ń kó o wọlé lábẹ́lẹ̀. Wọ́n gbìn ín, wọ́n ń tọ́jú ẹ̀, ìgbà tó yá ni wọ́n wá mọ̀ pé púpọ̀ nínú ẹ̀ kì í ṣe Chardonnay rárá, Auxerrois ni, èso míì tó fara jọ ọ́. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde lórí ẹ̀ ní 1986. Fàyàwọ́ tán, wọ́n tún rí èyí tí kì í ṣe é! Lónìí ó ti kúrò ní ìtàn yẹn, tẹ́ ẹ bá rí Hemel-en-Aarde lára ìgò, ẹ rà á, ẹ̀bá Hermanus ni, níbi tí atẹ́gùn òkun tútù ti ń fẹ́ sí oko, ó dúró sáàárín àwọn méjì tẹ́ ẹ ṣí yẹn. Ti Robertson náà wà, ilẹ̀ ẹfun ni tiwọn, owó ẹ̀ sì rọrùn jù.

Èyí tó bàjẹ́ lóòótọ́, ojú ẹ̀ máa ń ṣú, á pọ́n bíi tíì, òórùn ápù tó ti dápàá lẹ máa gbọ́. Tàbí kó kan bíi fínígà. Tàbí òórùn páálí tí omi rin, ìyẹn kọ́ọ̀kì ìdérí ẹ̀ ló ní àìsàn, ẹ dá a padà fún wọn, wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀. Nígbà tí mo bá wálé sí Lagos, wáìnì orílẹ̀-èdè ibí yìí ni mo máa ń bá níbi gbogbo, àmọ́ wọ́n á to wáìnì funfun sójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù kí oòrùn ọ̀sán máa pa á, inú mi kì í dùn. Kò sí ìlú tó lè gba irú wáìnì bẹ́ẹ̀ là.

Oúnjẹ. Ẹ má gbé 14.5 olóákì yẹn sídìí aṣun o. Ọtí líle máa ń fẹ́ iná mọ́ ata ni, igi inú ẹ̀ á sì korò. Ẹni tó bá ń jẹ aṣun, èyí tí kò rí igi, tí ọtí ẹ̀ ò le, kó tutù dáadáa. Ẹja díndín ni ti Chablis, ásíìdì yẹn ni yóò gé òróró ẹ̀, ẹ ò ní wá ọsàn wẹ́wẹ́ fún un. Iyán àti ẹ̀gúsí tí ata ẹ̀ ò pọ̀, ibẹ̀ ni oníbọ́tà ti wúlò, ẹ̀gúsí lọ́ràá, ó lè gbé e. Jọ̀lọ́ọ̀fù ìdáná pátì tó ní èéfín lábẹ́, èmi máa ń fún wọn ní olóákì díẹ̀, àwọn kan máa ń bá mi jiyàn lórí ìyẹn.

Kọ́lá_Onígò

Màmá ti parí iṣẹ́ oúnjẹ. Lórí ìgò: ẹ kọ́kọ́ wo ọtí tó wà nínú ẹ̀. 12 sí 13, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibi tútù tàbí kí wọ́n tètè ká a. 14 sókè, ẹ retí ara tó nípọn. Tí wọ́n bá kọ unoaked síwájú, kò rí igi. Lẹ́yìn ìgò, tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ fànílà, toast àti cream, ẹ ti mọ ibi tó ń lọ. Ti Faransé, tówó ò bá gbé Chablis, ẹ wá Mâcon-Villages, ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ ju Chablis lọ, kì í kan tó o, púpọ̀ ẹ̀ ò sì rí àgbá tuntun. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta Chablis Grand Cru fún yín nítorí pátì, òkè kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀ wà létí odò Serein, méje péré lorúkọ wọn, owó ẹ̀ á dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí.

Tútù ẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Chablis, 8 sí 10 digíríì. Olóákì, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú fíríìjì ní bí ìṣẹ́jú ogún kẹ́ ẹ tó bù ú, tó bá tutù jù igi nìkan lẹ máa gbọ́.

Àbíkẹ́_Peckham

Màmá ẹ ṣé, ẹ̀yin ọkùnrin méjì ẹ ṣé. Mo ti pinnu: Mâcon-Villages ló máa pọ̀ jù, òun ni kí wọ́n máa gbé kiri, Chablis díẹ̀ fún tábìlì àwọn àgbà níbi tí ẹja máa wà, oníbọ́tà California páálí kan torí àǹtí fúnra wọn tọ́ ọ wò lánàá wọ́n sì ní òun làwọn fẹ́, mi ò lè bá olọ́jọ́ ìbí jiyàn. Ọkọ mi ní kí n fi ti South Africa kún un torí ìtàn fàyàwọ́ yẹn. Ó kù síbì kan, ìgò kan máa tó èèyàn mélòó, ibo ni mo sì ti máa rí gíláàsì tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Kọ́lá_Onígò

Ìgò kan á fún yín ní gíláàsì márùn-ún, mẹ́fà tí ẹni tó ń bù ú bá lahun. Ẹ bi ṣọ́ọ̀bù tẹ́ ẹ ti fẹ́ ra ọtí, àwọn kan nínú wọn níbí máa ń yá oníbàárà ní gíláàsì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ máa kọ́kọ́ fowó sílẹ̀, èyí tó bá fọ́ ni wọ́n máa yọ níbẹ̀. Ẹ tètè lọ sọ fún wọn ṣáájú o, tó bá di ìparí ọ̀sẹ̀ gíláàsì kì í ṣẹ́ kù.